Tíṣà, ẹ yọ sáléńsà wò kí ẹ tó sanwó: lórí ríra alùpùpù tú-sítírókù àlòkù

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Èfọ̀n-Alààyè. Ọkùnrin kan níbí fẹ́ ta Suzuki AX100 àlòkù, alùpùpù tú-sítírókù, fún mi. Owó tó ń pè kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ń ta Bajaj Boxer àlòkù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ wò ó. Kíkì kan ló fi ń jí, kò sì rú èéfín rárá. Mo fẹ́ máa gùn ún lọ ilé-ìwé, kí n sì máa fi gbé iṣu láti oko ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn kan ní kí n rà á, pé kò sí òkè tí kò lè gùn. Àwọn mìíràn ní ayé tú-sítírókù ti kọjá. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ kú ìbéèrè. Ohun tí ẹ rò pé ó dára jù nínú ọ̀rọ̀ yín ló kọ mí lóminú. Ẹ ní kò rú èéfín rárá. Ká ní fọ́-sítírókù bíi Boxer lẹ fẹ́ rà, ìròyìn ayọ̀ ni. Ti tú-sítírókù yàtọ̀. Bí èyí tó ti pẹ́ láyé bá jí láàárọ̀ tí ẹ kò rí èéfín kankan, ẹ bi ara yín pé: ọ́ìlì dà?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ọ́ìlì ń gbà, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí so kọ́. Nínú fọ́-sítírókù, ọ́ìlì ní ilé tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ dà á sí i, ó ń yí ká, ó ń padà sílé. Písítìn yóò gòkè, yóò sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó ràn lẹ́ẹ̀kan. Ní ti tú-sítírókù, gbogbo ìgbà tí písítìn bá ti gòkè ni iná ń ràn. Kò ní fáàfù kankan lórí. Ihò ló wà lára sílíńdà, písítìn fúnra rẹ̀ ló ń ṣí wọn, òun náà ló ń pa wọ́n dé. Abẹ́ písítìn, níbi tí kiránkì (irin tí písítìn ń yí) wà, ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń kọ́kọ́ wọlé kí wọ́n tó gòkè lọ jó. Irú ibẹ̀ yẹn kò ṣeé da ọ́ìlì sí kó máa dúró. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ bá epo wọlé ni, kó fi ara kan béárìn àti ara sílíńdà bó ṣe ń kọjá, kó sì jó dànù. Èéfín tó ní àwọ̀ aró tí ẹ ń rí lẹ́yìn irú alùpùpù bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì tó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Àlòkù fọ́-sítírókù lè fara da ẹni tó gbàgbé láti pààrọ̀ ọ́ìlì fún oṣù mẹ́ta. Tú-sítírókù kò ní fara da ẹni tó gbàgbé ọ́ìlì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń rà á pé ìwà ẹni tó lò ó ṣáájú wọn ni wọ́n ń rà mọ́ ọn.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní Iléṣà nígbà tí mo ra AX100 àkọ́kọ́ mi. Ilé ọ́ìlì rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kún dẹ́múdẹ́mú, ọkàn mi sì balẹ̀ pé pọ́ńpù ń gbé e lọ sínú ẹ́ńjìnì. Mo ra epo lásán, mo kọjú sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ẹni tó tà á fún mi ti yọ pọ́ńpù náà kúrò látijọ́, ó ti dí ojú rẹ̀, ó sì ti ń po ọ́ìlì mọ́ epo fúnra rẹ̀. Ọ́ìlì tó kún yẹn kò ní ọ̀nà tó ń gbà jáde. N kò tíì dé Ẹ̀rìn tí ohùn ẹ́ńjìnì fi yí padà. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò, kí n tó mọ̀, táyà ẹ̀yìn ti há lórí eré. Kúlọ́ọ̀ṣì tí mo tètè fà ló kó mi yọ. Nígbà tí a tú u, písítìn ti yọ́ mọ́ ara sílíńdà.

Nítorí náà, kí ẹ tó bi ọkùnrin yẹn ní iye tó máa gbà, ẹ bi í pé: “Ṣé pọ́ńpù ló ń gbé ọ́ìlì ni, àbí pípò lẹ̀ ń pò ó?” Bí kò bá lè dáhùn kíá, ẹ ti rí ìdáhùn. Bó bá sọ pé pọ́ńpù ni, ẹ ní kó ṣí ìdérí rẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí i, kí ẹ sì wò ó bóyá wáyà tó so ó mọ́ ọwọ́ tí a fi ń fún un lépo ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ ọlọ́kadà ni wọ́n ti yọ pọ́ńpù rẹ̀ sọnù, torí pé wọn kò fẹ́ ra ọ́ìlì lọ́tọ̀.

Kì í ṣe pé mo kórìíra tú-sítírókù o. Orí rẹ̀ ni mo ti mọ iṣẹ́, ọ̀kan ṣì wà nílé mi títí di òní. Àwọn tó sọ fún yín pé kò sí òkè tí kò lè gùn kò purọ́. Bí iná ṣe ń ràn ní gbogbo ìgbà tí kiránkì bá yí, sílíńdà kékeré ń fúnni ní agbára tó ju ojú rẹ̀ lọ. Yamaha RX100 tí wọ́n ṣe ní Íńdíà láti 1985 sí 1996 ní sílíńdà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju cc 98 lọ, síbẹ̀ ó ní agbára ẹṣin (hp) 11, nígbà tí Boxer oní-cc 100 wà ní nǹkan bí 8. AX100 kò lágbára tó RX, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì máa ń dáhùn kíá bí ẹ bá fún un lépo. Ẹni tó bá ti fi í gbé àpò gààrí gun òkè Èfọ̀n yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Àǹfààní kejì ni pé inú rẹ̀ kò ta kókó. Kò ní fáàfù tí a óò tún, kò ní ṣéènì inú, kò ní kámù tó ń ṣí fáàfù. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè ṣí orí rẹ̀, kó yọ sílíńdà, kó pààrọ̀ ríǹgì, kó sì tò ó padà láàárín wákàtí méjì lábẹ́ igi máńgòrò. Bí sílíńdà bá ti jẹ, a óò gbé e lọ bóò kí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, a óò sì fi písítìn tó tóbi díẹ̀ sí i: 0.25, lẹ́yìn náà 0.50, 0.75, títí dé 1.00 mílímítà. Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà yìí sí orí písítìn. Ẹ bi onítọ̀hún nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ báyìí. Èyí tó bá ti dé 1.00 ti ń lo ẹ̀mí rẹ̀ ìkẹyìn, sílíńdà tuntun ni yóò béèrè lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ìyẹn. Síápátì kò wọ́n, torí pé yàtọ̀ sí Suzuki fúnra rẹ̀, Jincheng ti Ṣáínà náà ṣe AX100, ó sì pọ̀ lójú títì wa nígbà kan. Ọjà Nkwo ní Nnewi ni púpọ̀ nínú ohun tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù wa ń tà ti wá. Ẹ ṣáà ṣọ́ra fún ríǹgì olówó pọ́ọ́kú. Mo ti rí èyí tí kò lo oṣù mẹ́ta.

Ó wá kù síbi ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí òkè ni ẹ ń gbé, àwọn tó ń tà á kì í sì í sọ ọ́. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti orí òkè tí ẹ pa epo, tí ẹ fi gíà sílẹ̀ kí alùpùpù máa fà yín lọ sísàlẹ̀, kiránkì ń yí kíkankíkan, ṣùgbọ́n epo díẹ̀ kínún ló ń wọlé. Epo ló sì ń gbé ọ́ìlì. Eré pọ̀, ọ́ìlì kò sí. Ọ̀pọ̀ písítìn tí wọ́n ní ó “ṣàdédé” bàjẹ́, ìdí òkè ló ti bàjẹ́. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ ọ̀nà tó gùn, ẹ máa fún un lépo fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ fa kúlọ́ọ̀ṣì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ẹ́ńjìnì lè sinmi. Tú-sítírókù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ di alùpùpù mú bí fọ́-sítírókù ṣe ń ṣe, nítorí náà búréèkì yín ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Bí búréèkì ti ẹ ń wò yẹn bá rọ̀, ẹ má tiẹ̀ wo ẹ́ńjìnì rẹ̀ mọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò owó. Ohun tó ń jẹ epo nínú tú-sítírókù ni pé ìgbà kan wà tí ihò tí epo ń gbà wọlé àti ihò tí èéfín ń gbà jáde máa ń ṣí pọ̀. Epo tuntun á bá èéfín sá jáde láìjó, ó sì lè tó ìdámẹ́rin ohun tí ẹ rà. AX100 tèmi ń lo lítà kan fún nǹkan bí kìlómítà 35. Boxer tí ọmọ mi ń gùn ń lọ tó 55. Ká ní ẹ̀ ń rin kìlómítà 30 lóòjọ́ fún ọjọ́ 25 nínú oṣù, ó di 750. AX100 yóò mu lítà 21 ó lé díẹ̀, Boxer kò ní tó 14. Tí lítà bá jẹ́ ₦900, nǹkan bí ₦7,000 ni yóò fi wà láàárín wọn lóṣooṣù, ẹ sì ṣì máa ra ọ́ìlì tó ju ìdajì lítà lọ kún un. Nígbà tí epo kò tó ₦200, kò sẹ́ni tó ń ṣe irú ìṣirò yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ó ti di dandan. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi jèrè lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ilé epo ni yóò gbà á padà lọ́wọ́ yín díẹ̀díẹ̀.

Mo fẹ́ fi ìtàn kan kún un, torí pé ó wúlò fún ohun tí ẹ máa wò lára alùpùpù náà. Ní Zschopau, ní Jámánì Ìlà-Oòrùn ìgbà yẹn, Walter Kaaden ti MZ, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe alùpùpù, ló wádìí bí ìró tó ń jáde nínú sáléńsà ṣe lè lọ kọlu ìdí rẹ̀ kó sì padà wá ti epo tó fẹ́ sá jáde wọnú sílíńdà. Ernst Degner tó ń gun alùpùpù wọn díje sá kúrò lọ́dọ̀ wọn ní 1961, ó bọ́ sọ́dọ̀ Suzuki, nígbà tó sì di 1962, ó gba ipò kìíní lágbàáyé fún wọn nínú ìdíje cc 50. Ẹ rí i pé sáléńsà tú-sítírókù kì í ṣe ohun tí a kàn fi ń pa ariwo. Ara ẹ́ńjìnì ni. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n ti gé e, tí wọ́n lu ú, tàbí tí wọ́n fa inú rẹ̀ jáde kó lè máa han, agbára ti lọ níbẹ̀, epo tó ń sá sì ti pọ̀ sí i.

Sáléńsà náà ni yóò sọ òtítọ́ fún yín. Nọ́ọ̀tì méjì péré ló sábà máa ń dì í mú mọ́ sílíńdà. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tí ẹ bá mú lọ tú u kúrò, kó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tó kù, kó máa fi ọwọ́ tẹ kíkì díẹ̀díẹ̀. Ẹ óò rí ara písítìn àti ríǹgì bí wọ́n ṣe ń kọjá lójú ihò. Kò sí fọ́-sítírókù tó lè fi inú rẹ̀ hàn yín bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tú u. Bí ara písítìn bá mọ́lẹ̀ tàbí tó pọ́n díẹ̀ bí ọ́ìlì tó jóná, ó dára. Bí ẹ bá rí ilà gígùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí ológbò ha ẹnu ọ̀nà, písítìn yẹn ti há rí, wọ́n sì ti fi ọgbọ́n jí i dìde. Bí ojú ihò náà bá ti fẹ́ẹ̀ dí pa pẹ̀lú èédú dúdú, kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ni wọ́n ń pò sí i, ìyẹn ọ́ìlì tí wọ́n tú nù lára ọkọ̀ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ gbogbo èyí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ẹ ní kíkì kan ló fi jí. Ṣé ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì kó tó tẹ kíkì? Ẹni tó fẹ́ tajà máa ń jí i sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Ẹ́ńjìnì tó tutù bí omi ìkòkò ni kí ẹ bá, kí ẹ sì wo èéfín rẹ̀. Tó bá tutù, ó yẹ kó rú, kó sì máa fúyẹ́ bó ṣe ń gbóná. Bí kò bá dáwọ́ dúró, tó ń rú funfun kíki lẹ́yìn ìrìn kìlómítà kan, tí ọ́ìlì gíà sì ń dín kù láìjò sílẹ̀, ọ́ìlì síìlì (rọ́bà tó ń dí ojú ibi tí kiránkì ti yọ jáde) ìhà kúlọ́ọ̀ṣì ti jẹ, ọ́ìlì gíà ló ń mu. Èyí tó léwu jù ni ti ìhà magnéètì (ohun tó ń fún pulọ́ọ̀gì níná), torí kì í fi èéfín han ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa fà wọlé láti ẹ̀gbẹ́, epo á kéré sí afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnì á gbóná kọjá ààlà. Àmì rẹ̀ nìyí: ẹ fún un lépo kó ké, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá ṣì ń ké lókè fún ìgbà díẹ̀ kó tó rántí wálẹ̀, ẹ má ra irú rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ síìlì náà lójú yín. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì náà wò. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó ṣú díẹ̀ ló dára. Funfun bí eérú, ooru ti pọ̀ jù.

Tí mẹkáníìkì yín bá ní gééjì, kó wọn agbára ìfúnpọ̀ rẹ̀, kí ọwọ́ epo wà ní ṣíṣí pátápátá, kó tẹ kíkì títí nọ́ńbà kò fi ní gòkè mọ́. Ní ti ẹ́ńjìnì bíi tiyín, mo máa ń fẹ́ rí 120 psi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wà nísàlẹ̀ 90, owó ríǹgì àti bóò ti kan yín. Ti ìwé kò gba àlàyé púpọ̀: kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì àti ti ṣásì bá ti inú ìwé mu, kí ẹ má fọwọ́ kan èyí tí wọ́n ti fi fáìlì ha nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì yí ìwé sí orúkọ ara yín.

Èéfín náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Epo tó sá jáde láìjó àti ọ́ìlì tó jó, ìmú yín àti ti àwọn ará ilé ni wọ́n ń bọ́ sí. Ẹni tó bá ti dé Kútọnu láyé ìgbà tí àwọn ọlọ́kadà wọn ń fi tú-sítírókù rìn lórí epo kpayo (epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà) tí wọ́n ń pò sínú ìgò yóò rántí bí ojú ṣe ń ta ènìyàn ní ìkóríta. Ìjọba Bangladesh kó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oní-tú-sítírókù kúrò ní Dhaka pátápátá ní ìbẹ̀rẹ̀ 2003 nítorí èéfín yìí. Ẹ má jí i nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ náà, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí fèrèsé kíláàsì wọn.

Èmi ò ní sọ pé kí ẹ rà á tàbí kí ẹ má rà á láìwo ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ká ní ọ̀kadà lẹ fẹ́ fi ṣe, mo máa ní kí ẹ gbàgbé rẹ̀ lónìí. Epo yóò jẹ èrè yín tán. Ká ní oko nìkan ni, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo máa ní kí ẹ rà á bó bá yege àyẹ̀wò, torí pé ó fúyẹ́, ẹ lè fọwọ́ tì í gba ẹrẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ máa gùn ún lójoojúmọ́. Bí ẹ bá lè dúró di oṣù díẹ̀ kí ẹ fi kún owó yín, fọ́-sítírókù ni mo fẹ́ fún yín. Bí ẹ kò bá lè dúró, ẹ rà á pẹ̀lú àdéhùn méjì. Kó yege níbi sáléńsà àti níbi síìlì. Ẹ sì yọ ìdámẹ́rin owó tó ń pè sọ́tọ̀ fún ríǹgì, síìlì méjèèjì àti béárìn, kí ẹ ṣe wọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ má dúró kó tó ṣàárẹ̀.

Nígbà tó bá di tiyín, ẹ ra síríńjì 20 ml ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi písítìn tuntun sí i, síríńjì méjì ọ́ìlì sí lítà epo kan fún táǹkì àkọ́kọ́, kí ẹ má sáré. Lẹ́yìn ìyẹn, síríńjì kan àbọ̀. Ọ́ìlì tú-sítírókù gidi ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ JASO FC tàbí FD sí lára. Ẹ pò ó nínú kéègì kí ẹ tó dà á sínú táǹkì, ẹ má da ọ́ìlì sórí epo nínú táǹkì kí ẹ sì máa rò pé yóò po ara rẹ̀. Ẹ má sì rò pé bó bá ti pọ̀ tó ló dára tó. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù á pa pulọ́ọ̀gì, á sì dí sáléńsà.

Ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀kẹta ní kùtùkùtù, kí ẹ sì mú mẹkáníìkì tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ń tà á lọ́wọ́. Bí ọkùnrin náà bá kọ̀ pé ẹ kò gbọdọ̀ tú nọ́ọ̀tì méjì yẹn, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Bó bá gbà, ẹ kọ ohun tí ẹ rí nínú ihò náà ránṣẹ́ sí mi, àti àwọ̀ pulọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ tó ka owó fún un.